Kí Ẹ Tó Fi Orúkọ Ìsọ̀ Yín Dá Sí Ọ̀rọ̀ Ìlú

Àjàṣẹ́

Ẹ̀yin ọmọ wa tó ń ṣòwò ní Àjàṣẹ́, ní Sákétè, ní Pọ́bẹ̀ títí dé Kétu, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀,

Ẹ kú ọjà, ẹ kú làálàá. Àríyànjiyàn kan ń lọ láàárín yín: ṣé ó yẹ kí ilé iṣẹ́ máa dá sí ọ̀rọ̀ òṣèlú àti ọ̀rọ̀ tó ń pín ìlú sí méjì, àbí kó gbájú mọ́ títà àti rírà? Àwọn kan ní ẹni tó fẹ́ tajà fún gbogbo ayé kò gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni jà. Àwọn mìíràn ní ìwà ojo ni ìdákẹ́. Ohun tí mo rí sí i rèé: ọ̀rọ̀ tó bá kan iṣẹ́ yín, àwọn tó ń bá yín ṣiṣẹ́ àti àwọn tó ń rajà lọ́wọ́ yín, ẹ sọ ọ́ síta kẹ́ ẹ sì dúró tì í. Ẹgbẹ́ òṣèlú tí ẹ fẹ́ràn àti ẹni tí ẹ máa dìbò fún, tiyín ni gẹ́gẹ́ bí ọmọ ìlú. Ẹ má fi orúkọ ìsọ̀ sí i.

Ẹ wo ọdún 2018. Ìjọba Bẹ̀nẹ̀ pàṣẹ pé kí ẹni tó bá ń lo WhatsApp, Facebook àti irú wọn máa san fráǹkì 5 lórí mẹ́gábáìtì kọ̀ọ̀kan. Ìyá aláṣọ tó ń fi àwòrán 50 ránṣẹ́ sí oníbàárà láràárọ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ìdajì mẹ́gábáìtì, fráǹkì 125 ni yóò máa jáde lápò rẹ̀ lójúmọ́, yàtọ̀ sí owó dátà tó ti san tẹ́lẹ̀. Oníbàárà tó ṣí àwòrán náà yóò san tirẹ̀. Irú ọ̀rọ̀ báyìí, oníṣòwò ló yẹ kó kọ́kọ́ sọ ọ́, torí òun ló ní ìṣirò lọ́wọ́. Ariwo ta ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ìjọba sì fagi lé owó orí náà kó tó pẹ́ rárá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ibodè tí Nàìjíríà tì ní oṣù kẹjọ 2019, tí kò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i padà títí di oṣù kejìlá 2020. Ẹni tó ń kó ọjà gba Sèmè tàbí Ìgólò kọjá kò lè ní ọ̀rọ̀ náà kò kan òun.

Ṣùgbọ́n ní 2021, nígbà tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fẹ òfin oyún ṣíṣẹ́ lójú, tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì sì tako ó, kí ló kan oníṣìmẹ́ńtì níbẹ̀ ju bó ṣe kan aládùúgbò rẹ̀ lọ? Ẹni tó ní ilé ìgbẹ̀bí, ó kàn án, ìmọ̀ rẹ̀ sì wúlò. Oníṣìmẹ́ńtì lè sọ èrò rẹ̀ nílé, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́ṣáláṣí. Bó bá gbé e sórí pátákó ìsọ̀ rẹ̀, ìdajì àwọn tó ń ra sìmẹ́ńtì ni yóò máa bi ara wọn léèrè ohun tí wọ́n wá ṣe níbẹ̀.

Ẹ̀yin ará Kétu mọ bí wọ́n ṣe ń sọ òótọ́ lójú ọjà. Lóru Ẹ̀fẹ̀, kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó jáde, orin máa ń bá oníwà burúkú wí, ì báà jẹ́ olówó tàbí olóyè, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ mú akọrin náà. Gbogbo ìlú ló rán an níṣẹ́, àṣà ló sì bò ó. Kò sí irú ààbò bẹ́ẹ̀ lórí ìsọ̀ yín. Òfin nọ́ńbà 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin 2018, èyí tí wọ́n ń pè ní code du numérique, wí ní abala 550 pé ẹni tó bá gbé ìròyìn irọ́ kalẹ̀ nípa ẹlòmíràn, tàbí tó tàn án kálẹ̀ lórí ìkànnì, lè lọ sẹ́wọ̀n oṣù 1 sí 6, tàbí kó san fráǹkì 500.000 sí 1.000.000, tàbí méjèèjì. Ẹni tó kàn fi ránṣẹ́ síwájú náà wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má fi ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ tí ẹ kò mọ orísun rẹ̀ sórí status ìsọ̀. Wákàtí 24 ni status ń lò, àmọ́ ẹni tó ti ya àwòrán rẹ̀ kò ní pa á rẹ́.

Kí ẹ tó sọ̀rọ̀, ẹ kọ́kọ́ wo ọwọ́ ara yín. Ẹni tó fẹ́ kọ̀wé pé ayé le fún mẹ̀kúnnù, ṣé ó ń san 52.000 tí òfin là sílẹ̀ láti 2023 pé owó oṣù òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ wálẹ̀ jù? Ẹni tó ń pariwo ẹ̀tọ́ àwọn obìnrin, ṣé àwọn ọmọ iṣẹ́ obìnrin inú atẹlíyè rẹ̀ ń rí ọjọ́ ìsinmi? Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ iṣẹ́ yẹn gan-an ni àṣírí ti máa ń tú, nínú èsì tí wọ́n bá kọ sábẹ́ ọ̀rọ̀ yín.

Lẹ́yìn náà ẹ ṣírò owó. Ká ní owó ìsọ̀ jẹ́ 30.000 lóṣù, òṣìṣẹ́ méjì 104.000, iná 15.000, gbèsè ọjà tí ẹ gbọ́dọ̀ san 100.000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 249.000, fún oṣù mẹ́ta, 747.000. Iye yẹn ló yẹ kó wà nílẹ̀ kí ẹ tó sọ̀rọ̀, kí gbogbo rẹ̀ má sì sí níbì kan ṣoṣo. Ẹ wo Nàìjíríà: lẹ́yìn EndSARS, ìwọ́de tí àwọn ọ̀dọ́ fi tako ìwà ìkà àwọn ọlọ́pàá SARS, báńkì àpapọ̀ gba àṣẹ ilé ẹjọ́ ní oṣù kọkànlá 2020 láti dí àkáǹtì àwọn kan tó kópa nínú rẹ̀, ó di oṣù kejì 2021 kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tiwọn lè jẹ́ òdodo, àmọ́ òṣìṣẹ́ ṣì ní láti jẹun. Bí ẹ kò bá ní owó oṣù mẹ́ta, ẹ má dá sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ ọlọ́jà sọ ọ́.

Ẹ tún mọ ẹni tó ń fi orúkọ yín sọ̀rọ̀. Ní oṣù kẹwàá 2023, nígbà tí ogun Gásà bẹ̀rẹ̀, àwọn tó ń fi orúkọ McDonald's, ilé oúnjẹ ará Amẹ́ríkà, ṣòwò ní Ísírẹ́lì kéde pé àwọn ń fún àwọn ọmọ ogun Ísírẹ́lì lóúnjẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn tó ní McDonald's ní Màléṣíà àti Kùwéètì, tí wọn kò lọ́wọ́ sí i, ni àwọn èèyàn kọ̀ láti rajà lọ́wọ́ wọn. Ní oṣù kẹrin 2024, ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kéde pé òun ń ra ilé oúnjẹ 225 tó wà ní Ísírẹ́lì padà. Bí ẹ bá jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta tó ni bùtíìkì kan, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹnìkan kò lè dá sọ̀rọ̀. Ẹ ya nọ́ńbà ìsọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ti ara yín. Ẹ mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ aṣínà Facebook wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì yí i padà lọ́jọ́ tí òṣìṣẹ́ náà bá kúrò.

Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀, kó má ju gbólóhùn márùn-ún lọ: ohun tó ṣẹlẹ̀, bó ṣe kan iṣẹ́ yín pẹ̀lú iye owó rẹ̀, ohun tí ẹ̀yin máa ṣe, ohun tí ẹ ń bẹ̀bẹ̀ fún, àti lọ́wọ́ ta ni. Kó má sí èébú. Ẹ fi han ẹni tí kò gba tiyín, ẹ fi han òṣìṣẹ́ tó pẹ́ jù, kí ẹ sì jẹ́ kó sun oorun ọjọ́ kan. Bó bá ti jáde, ẹ má pa á rẹ́. Bí iye kan bá ṣìnà nínú rẹ̀, ẹ kọ àtúnṣe sábẹ́ rẹ̀ kí gbogbo èèyàn rí i. Fífà sẹ́yìn lẹ́yìn ọ̀rọ̀ wà lára ohun tó pa ọtí bíà Bud Light lára ní Amẹ́ríkà ní 2023. Ó bá obìnrin transgender kan (ẹni tí wọ́n bí ní ọkùnrin tó ń gbé gẹ́gẹ́ bí obìnrin) polówó ọtí rẹ̀, inú bí àwọn kan. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà wá kọ lẹ́tà pé àwọn kò ní i lọ́kàn láti dá sí ọ̀rọ̀ tó ń pín èèyàn níyà. Àwọn tí inú ń bí kò padà, àwọn tó ń gbè é sì ní ó já àwọn sílẹ̀. Nígbà tó fi di oṣù kẹfà, bíà mìíràn, Modelo Especial, ti gba ipò kìíní lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tó burú jù ni kéèyàn sọ̀rọ̀ tán kó tún máa fà sẹ́yìn.

Ní ti àkókò ìbò, ẹ̀yin aránṣọ lè rán aṣọ fún ẹgbẹ́ òṣèlú yòówù. Iṣẹ́ ni. Iye kan náà fún gbogbo wọn, ìdajì owó kí ẹ tó gé aṣọ, ìyókù kí aṣọ tó kúrò nílẹ̀. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó fọwọ́ sí i, torí lẹ́yìn ìbò, ẹni tó já kulẹ̀ á ní kò sówó, ẹni tó wọlé á sì di àwátì. Ẹ má gbé àwòrán aṣọ náà sórí ìkànnì yín, ẹ má sì fipá wọ̀ ọ́ fún ọmọ iṣẹ́ kankan.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gba ọ̀nà ẹgbẹ́ ọlọ́jà, ẹ tẹ lẹ́tà náà ní ẹ̀dà méjì, kí alága àti akọ̀wé fọwọ́ sí i, ẹ mú un lọ sí mérì, ọ́fíìsì ìjọba ìlú. Wọ́n á gba ọ̀kan, wọ́n á lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sórí èkejì. Èyí tó ní òǹtẹ̀ yẹn ni kí akọ̀wé tọ́jú.

Ẹ kú ọjà o.