Lẹ́tà Kẹrin: Ọkọ̀ Yín Kò Mọ Ọjọ́ Ọjà

Sí Máníjà Àgbà Ilé Iṣẹ́ Ọkọ̀ Èrò,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Lẹ́tà mẹ́ta àkọ́kọ́ tí àwa Ìgbìmọ̀ Amọ̀ràn Èrò Ọkọ̀ kọ sí yín ń bẹ nínú fáìlì yín láìsí èsì, àti àkọsílẹ̀ ìpàdé tí ẹ̀yin fúnra yín buwọ́ lù. A ò ní tún un kà fún yín.

Ohun tó bí èyí ni ọ̀rọ̀ tí òṣìṣẹ́ tó ń gbé fóònù oníbàárà yín sọ sí alága wa, ìyá tó ti lé ní àádọ́rin ọdún: “Màmá, ìmọ̀ràn lásán lẹ ń mú wá, kì í ṣe àṣẹ. Ẹ jẹ́ ká ráyè ṣiṣẹ́.” Ló bá pa fóònù mọ́ ọn létí. A tún pè, wọ́n ní ká lọ bá gáréèjì. Gáréèjì ní ká lọ sí ọ́fíìsì Ìjẹ̀bú-Òde. Ọ́fíìsì ní ká pe nọ́ńbà oníbàárà. Òṣìṣẹ́ kan náà ló gbé e. A dúpẹ́, ó dá ohùn wa mọ̀.

Òótọ́ ni, ìmọ̀ràn kì í ṣe àṣẹ. Ìgbìmọ̀ amọ̀ràn ò lè yan awakọ̀, kò sì lè dá iye owó ọkọ̀. Iṣẹ́ wa ni láti sọ ohun tí ìwé yín ò lè sọ fún yín. Ọjà ojú ọ̀nà wa kì í wo kàlẹ́ńdà ọ́fíìsì. Ọrọọrún là ń ná an, a sì ń ka ọjọ́ ọjà mọ́ ọn. Bó bá bọ́ sí Ajé, Ẹtì ló kàn, lẹ́yìn náà Ìṣẹ́gun, Àbámẹ́ta, Ọjọ́rú, Àìkú, Ọjọ́bọ̀, kó tó padà sí Ajé. Ẹ̀yin fi ọkọ̀ ńlá sí Ìṣẹ́gun àti Ẹtì. Nínú ọjọ́ 28, ẹ̀ẹ̀meje là ń ná ọjà. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni ọkọ̀ ńlá yín ń bá a. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún yòókù, ọkọ̀ kékeré ló ń dé bá àpò gàrí lójú títì, kò sì sí àyè ẹrù. Ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ ni ọkọ̀ ńlá ń jáde láàárín ọjọ́ 28 náà. Mẹ́fà nínú rẹ̀, atẹ́gùn ló ń gbé. Ẹ wá ní èrò ò sí lọ́nà Ìjẹ̀bú-Igbó!

Tíkẹ́ẹ̀tì yín ń ka ẹni tó wọkọ̀. Kì í ka ẹni tí ọkọ̀ fi sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ fi ń dúró ní ibùdókọ̀ láti aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, tí wọ́n ń kọ iye àwọn tó wọlé, iye àwọn tó kù nílẹ̀ àti ẹrù ọwọ́ wọn. A fi ìwé náà ránṣẹ́. Ẹ ní ẹ ti rí i gbà, ló bá tán síbẹ̀.

Ìlérí tẹ́ ẹ ṣe nípàdé rọrùn: ìmọ̀ràn èyíkéyìí tí a bá fi ṣọwọ́, láàárín ọjọ́ 14 ẹ ó kọ̀wé pé ẹ gbà á tàbí ẹ ò gbà á, àti ìdí rẹ̀. Ẹ lè kọ̀ ọ́, kò burú. Dídákẹ́ yín ni a ò gbà. Láìsí èsì, àga lásán la wá jókòó sí, kẹ́ ẹ lè máa kọ orúkọ wa sára ọkọ̀ pé ẹ̀yin àti ará ìlú lẹ jọ ń ṣe é.

Ọjọ́ 14 ọ̀hún la tún fún yín. Ẹ fi ọkọ̀ ńlá tẹ̀ lé ọjọ́ ọjà, ẹ sì fèsì sí lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kí òṣìṣẹ́ yín wá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ bẹ màmá, kì í ṣe lórí WhatsApp. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ pa orúkọ wa rẹ́ lára ọkọ̀ yín. Ìwé iye èrò á sì gba ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Ìjẹ̀bú, ẹ̀dà kan á lọ sọ́dọ̀ àjọ FCCPC tí òfin ọdún 2018 gbé kalẹ̀ láti gbèjà oníbàárà. Ní ti àwọn oníkọ́rópe, a ò ní í sọ ọjọ́ ọjà fún wọn. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Akọ̀wé,
fún Ìgbìmọ̀ Amọ̀ràn Èrò Ọkọ̀