Fọlákẹ́, a fẹsẹ̀ rìn dé Àrìnta

Adó-Èkìtì,
Oṣù Kọkànlá.

Fọlákẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọkọ àti àwọn ọmọ ńkọ́? Wọ́n ní yìnyín ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ yín ní Kánádà. Ẹ kú òtútù o. Àárò rẹ ń sọ mí púpọ̀, àgàgà láti ọjọ́ Sátidé tí èmi àti àbúrò mi Káyọ̀dé fẹsẹ̀ rìn láti Ìkógòsì dé òṣọ̀ọ̀rọ̀ Àrìnta ní Ìpólé-Ìlórò. Ọkọ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbé lọ síbẹ̀. Wọn á dé, wọn á ya fọ́tò, wọn á sáré padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n rí omi lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn ò rí àwọn tó ni omi.

A wọ mọ́tò ní Adó láàárọ̀ kùtù, a gba Ìyìn, Ìgèdè àti Aramọkọ kọjá, a sì bọ́ sílẹ̀ ní Ìkógòsì. Mi ò ní sọ púpọ̀ nípa ìyẹn, ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Omi gbígbóná àti omi tútù ṣì ń pàdé ara wọn níbẹ̀. Nǹkan bí 70 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni wọ́n máa ń ka tí gbígbóná níbi tó ti ń sun jáde, ó sì ń tó 37 níbi tó ti pàdé tútù. A ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, a sì mú ọ̀nà wa pọ̀n.

Òkè lọ́tùn-ún, òkè lósì, kòkó sì pọ́n lórí igi. Kò sẹ́ni tó kọjá lára wa tí kò kí wa kú ìrìn. Ọlọ́kadà kan dúró, ó bi wá bóyá owó ló tán lọ́wọ́ wa, pé òun á gbé wa lọ́fẹ̀ẹ́. A ní ó wù wá ká rìn ni. Ó ní, "Ẹ kú agbára o!" Ó sì ń wẹ̀yìn wò wá bó ṣe ń lọ.

Nígbà tí a sún mọ́ Ìpólé la bá yèyé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó ń sá kòkó lórí tàpólì. Ẹsẹ̀ ló fi ń yí i, tó ń fi ìka ẹsẹ̀ la àárín hóró kọjá kí oòrùn lè dé ìsàlẹ̀. Ó ti fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún bí ọjọ́ márùn-ún kó tó kó o síta, òórùn kíkan rẹ̀ ṣì gba gbogbo ibẹ̀. Ó mú hóró kan, ó fi èékánná tẹ̀ ẹ́ létí mi. "Ṣé o gbọ́ nǹkan?" Mo ní rárá. "Kò tíì gbẹ nìyẹn. Bó bá gbẹ, á dún." Ló bá fi àdá la odidi kòkó kan fún wa, ó ní ká lá a. Fọlákẹ́, omi funfun ara rẹ̀ yẹn, tó dùn tó sì kan díẹ̀! Ó ti pẹ́ gan-an tí mo ti fi ẹnu kàn án. Káyọ̀dé ya yèyé ní fọ́tò. Yèyé ní tí a bá ń bọ̀, ká yà sọ́dọ̀ òun.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láàárín ìlú ló mú wa gun òkè. Ó ní ká bọ́ bàtà, pé bàtà ló máa ń yọ̀ níbẹ̀, ká sì máa di gbòǹgbò igi mú. Kí a tó rí omi la ti ń gbọ́ ọ. Kì í já lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń ti orí àpáta kan bọ́ sórí òmíràn, bí ẹni ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Àpáta náà dúdú, ó ń dán. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni, omi pọ̀, ìkùukùu rẹ̀ ti rin aṣọ mọ́ wa lára ká tó fọwọ́ kàn án. A ò gbọ́ ohùn ara wa mọ́. Mo jókòó síbẹ̀, mo kàn ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run ni. Ọmọkùnrin náà nawọ́ sí ẹ̀yìn òkè, ó ní apá ibẹ̀ ni Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà wà, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. "Olúmirìn tiwọn ni gbogbo ayé mọ̀. Ẹ bá wa ròyìn tiwa náà." Mo ṣèlérí fún un, òun ni mò ń mú ṣẹ yìí.

Bí a ṣe ń padà bọ̀, ìró odó la gbọ́ nílé yèyé. Tiwa ló ń gún! Iyán tó fẹ́lẹ́, ẹ̀fọ́ rírò, ìgbín. A jẹ títí a fi ń mí hẹlẹ. Nígbà tí mo na owó sí i, ojú rẹ̀ yí padà. "Ṣé mo ní mò ń ta oúnjẹ ni?" Ohun kan ṣoṣo tó béèrè ni pé ká bá òun tẹ fọ́tò yẹn sórí ìwé, kí òun lè fi kọ́ ara ògiri.

Mo ti tẹ̀ ẹ́, mo sì fi férémù sí i. Mo fẹ́ kí èmi pẹ̀lú rẹ jọ gbé e lọ nígbà tí o bá wálé ní Kérésì. Omi lè ti dín kù díẹ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n àpáta kò ní yọ̀ tó báyìí, àtigùn rẹ̀ á sì rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Jọ̀wọ́, má sọ fún mi pé ọjọ́ kò ní tó. Yọ ọjọ́ kan sílẹ̀ fún un, ká sùn sí Ìkógòsì mọ́jú. Tí o bá ti mọ ọjọ́ tí bàálù rẹ máa gúnlẹ̀, tètè sọ fún mi, kí n lè ránṣẹ́ sí yèyé ṣáájú.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì bá mi fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Bọ́sẹ̀