Bísí, Kúnlé ń jáde bọ̀

Bísí ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ọkọ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? A wà ní Bàrígà níbí, à ń bá a yí. Ìyá Ṣadé ti bí ìbejì, lándílọ́ọ̀dù ti fi kún owó ilé, iná dé lánàá, ó sì ti lọ. Ìyẹn kọ́ ló gbé bírò lé mi lọ́wọ́.

Kúnlé wa ń jáde nílé ìwòsàn lóṣù tó ń bọ̀! Mo lọ wò ó ní Yábàá níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹ̀ nítorí ọtí àti oògùn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ ti yọ, ó tún ń fi ìró mi ṣe yẹ̀yẹ́. Àfìgbà tí mo bi í pé níbo ló máa dé sí. Ó dákẹ́, ó ń fi èékánná họ etí tábìlì.

Ṣé o rántí ojúde wa? Oníparaga ṣì wà níwájú ilé gan-an, ìgò ewé àti egbò tò sórí bẹ́ǹṣì, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí ife kékeré yẹn ti ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Àwọn tí Kúnlé àti wọn jọ ń gbé tramadol mì ṣì ń jókòó sétí gọ́tà. Ìjọba fòfin de oògùn ikọ́ oní-codeine ní 2018, wọn ò tìtorí ẹ̀ dìde níbẹ̀. Màámi ní kó ṣáà padà sílé, àdúrà á ṣe é. Àmín o, ṣùgbọ́n èwo ni ká gbé ẹni tó ń sá fún ọtí lọ sẹ́nu ọ̀nà oníparaga?

Mo wá rántí ilé tí àbúrò ọkọ rẹ gbé ní Maryland yín ní Amẹ́ríkà (kì í ṣe tiwa tí mo ń wọ dáńfó kọjá o). Oxford House, ilé tí àwọn tó ń jáwọ́ nínú ọtí àti oògùn jọ ń gbé. Mo ti kà nípa ẹ̀. Silver Spring níbẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní 1975. Kò sí dókítà, kò sí ọ̀gá. Àwọn tó ń gbébẹ̀ ló ń darí ara wọn, wọ́n ń dìbò, wọ́n jọ ń san owó ilé, wọn kì í sì í dá ọjọ́ tí èèyàn máa kó jáde fún un, àfẹni tó bá padà sídìí ọtí tàbí oògùn. Ìyẹn, lílé ni. Kúnlé ní ibi tí wọ́n bá ti ń dìbò tí jàgùdà ò gbé àpótí sá, òun fẹ́ débẹ̀.

Irú ilé bẹ́ẹ̀ tí mo rí lÉkòó níbí, owó tí wọ́n pè, kí n ta ṣọ́ọ̀bù mi tán, kò tó.

Bísí, yàrá méjì ẹ̀yìn ilé rẹ ní Ìkòròdú, ṣé ó ṣì ṣófo? Kúnlé àti àwọn méjì kan tí wọ́n jọ ń jáde ni. Ọ̀kan ń ránṣọ, ìkejì ń lẹ táyà. Wọ́n á máa sanwó lóṣooṣù, èmi náà á máa yọjú sí wọn. Kò ní sí ọtí níbẹ̀, kò ní sí àlejò òru. Ẹni tó bá tún ṣubú nínú wọn, mi ò ní lé e sí títì bíi tàwọn ará Maryland. Ilé ìwòsàn la máa dá a padà sí.

Bá ọkọ rẹ sọ ọ́. Tó bá ní rárá, tètè wí fún mi, mi ò ní bínú. Irọ́ ni, màá bínú díẹ̀. Bí Màámi bá sì pè ọ́, o ò gbọ́ nǹkan kan o, mi ò tíì sọ fún wọn.

Èmi ni,
Rónkẹ́