Ẹ gbé ẹ̀rọ àyẹ̀wò sún mọ́ ọgbà ẹlẹ́dẹ̀ wa

Olóòtú,

Mo ka ohun tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá nípa àyẹ̀wò PCR tí wọ́n ń bu ẹ̀rún wúrà tín-ín-tín sí, kó lè tètè rí fáírọ́ọ̀sì lára ẹran ọ̀sìn. Ó dára, ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀ káàtó.

Láti 2003 ni mo ti ń sin ẹlẹ́dẹ̀ nítòsí Ṣágámù. Ní 2020, ọdún tí ibà ẹlẹ́dẹ̀ Áfíríkà ṣọṣẹ́ ní ọgbà ẹlẹ́dẹ̀ ńlá tó wà ní Òkè-Àró, abo ẹlẹ́dẹ̀ mi kan kọ oúnjẹ. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, etí rẹ̀ ti pọ́n, ó wá ń dúdú bọ̀ bí ìgbà tí ènìyàn rẹ ẹ́ láró. Dókítà ẹran ní òun ò lè fojú mọ̀ ọ́n, torí àrùn mìíràn wà tó ń sọ awọ ẹlẹ́dẹ̀ di pupa, tí abẹ́rẹ́ sì ń wò ó sàn. Ibà yìí ò gbóògùn. A kó ẹ̀jẹ̀ sínú kúlà oníyìnyín, ó di ilé àyẹ̀wò ní òkè Ọya. Ọjọ́ 11 ni èsì fi dé. Ẹlẹ́dẹ̀ 39 ti kú.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́: mo ti ta mẹ́fà kí èsì tó dé. Alápatà kan ló wá, ó ní, "Ìyá, ẹ tètè tà á kó tó kú mọ́ yín lọ́wọ́." Ìdajì owó ni mo gbà. Àrùn náà kì í mú ènìyàn, ṣùgbọ́n fáírọ́ọ̀sì rẹ̀ ń pẹ́ nínú ẹran tútù; ẹni tó bá da àjẹkù rẹ̀ fún ẹlẹ́dẹ̀ tirẹ̀ ti gbà á wọlé nìyẹn. Ta ló mọ ọgbà tí mẹ́fà mi bàjẹ́?

Dókítà ṣàlàyé PCR fún mi: ẹ̀rọ náà á gbóná dé nǹkan bíi 95 sẹ́ńtígíréèdì, á tún rọlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni nǹkan bí 40 ìgbà, àmì fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ń wá á sì máa di ìlọ́po méjì. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kí wúrà máa jẹ́ kí ooru tètè kárí. Láti 2005 ni wọ́n ti gbé ọgbọ́n wúrà yìí jáde ní Ṣáínà. Ohun tó wù mí níbẹ̀ ni pé ó lè rí fáírọ́ọ̀sì tó ṣì kéré gan-an. Akọ tí mo rà lọ́jà ni mo fura sí pé ó kó àrùn náà wọlé, ó sì ń jẹun dáadáa lọ́jọ́ tí mo rà á.

Ṣùgbọ́n wákàtí díẹ̀ ni PCR lásán pàápàá ń gbà. Ojú ọ̀nà ló jẹ ọjọ́ wa. Wúrà inú ìgò ò lè bá mọ́tò sáré. Láti 1997 ni ibà yìí ti wọ Nàìjíríà. Ó yẹ kí ẹ̀rọ, iná àti ẹni tó mọ̀ ọ́n lò ti wà nítòsí wa. Kí ìjọba sì ya owó ìrànwọ́ sọ́tọ̀ fún ẹni tó bá pe dókítà, tí wọ́n sì pa ẹran rẹ̀. Èmi ò rí kọ́bọ̀ gbà. Nọ́ńbà alápatà yẹn ṣì wà nínú fóònù mi.

Ìyá Ẹlẹ́dẹ̀,
Ṣágámù.