Ẹ Jẹ́ Kí Kẹ̀kẹ́ Gba Ojú Irin Àtijọ́

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́. Mo fara mọ́ àbá tí ẹ gbé jáde pé kí a sọ ojú irin àtijọ́, níbi tí ọkọ̀ kò bá gbà mọ́, di ọ̀nà kẹ̀kẹ́. Ọkọ̀ ojú irin kì í lè gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń la ọ̀nà rẹ̀ ní títẹ́jú, ìtura ńlá sì ni èyí yóò jẹ́ fún àwa tí a ń fọwọ́ ti kẹ̀kẹ́ gun òkè Ìtòkò, tí orúnkún wa ń gbọ̀n. Ní Missouri, Amẹ́ríkà, ojú irin àtijọ́ tí wọ́n sọ di ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ni Katy Trail, tó lé ní 380 kìlómítà. Àwọn tó ń fi òpin ọ̀sẹ̀ gùn ún pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ a máa jẹun, wọn a sì máa sùn ní àwọn ìlú kéékèèké ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọn olóúnjẹ ẹ̀gbẹ́ ojú irin ní Láfẹ́nwá níbí náà lè jèrè bẹ́ẹ̀.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìtòkò, Abẹ́òkúta.