Lẹ́tà sí Ìyá Alásẹ́ tó wá sí abà wa lọ́nà Ìkòyí-Ilé

Màmá, ẹ kú àtijọ́ o, ẹ kú ọjọ́ gbọọrọ. Mi ò mọ orúkọ yín, mi ò sì mọ̀ bóyá ẹ ṣì wà láyé, àdúrà mi ni pé kẹ́ ẹ wà, kẹ́ ẹ sì pẹ́ fáwọn ọmọ yín. Ìyá Alásẹ́ là ń pè yín ní abà wa, torí aṣọ funfun tẹ́ ẹ máa ń kó wá pé ká fi sẹ́ omi odò. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà báyìí, iṣẹ́ tíṣà ni mò ń ṣe. Ohun tó jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí ni pé ibikíbi tí mo bá yà sí, ní Takie o, nínú mọ́tò o, lórí fóònù o, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ, pé ọmọ aráyé ò dáa, pé ẹranko sàn ju èèyàn lọ. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ gan-an ti ń sọ ọ́. Mi ò lè gbà fún wọn. Ẹ̀yin lẹ ò jẹ́ kí n lè gbà.

Àwọn ọmọ yẹn ò tiẹ̀ mọ sọ̀bìà, kòkòrò tó máa ń yọ lẹ́sẹ̀ èèyàn. Mo bi wọ́n, wọ́n ń wojú ara wọn, àfi ọ̀kan tó ní òun gbọ́ ọ nínú òwe, pé bí sọ̀bìà yóò bá degbò, olúgànbe là á ké sí. Inú mi dùn débi pé omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Nǹkan tó ń da odindi abà dùbúlẹ̀ ti di ohun tọ́mọdé ń gbọ́ nínú òwe nìkan!

Ẹ̀yin rí ẹsẹ̀ Màmá mi àgbà. Ó kọ́kọ́ wú lókè kókósẹ̀, ó ń yún un, ó wá lé ròrò, ìgbà tí ìléròrò yẹn bẹ́, orí kòkòrò náà yọ síta, ó funfun, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú. Wọ́n á mú igi ìṣáná kan, wọ́n á rọra máa wé e mọ́ ọn, díẹ̀ lónìí, díẹ̀ lọ́la, wọ́n á wá so igi yẹn mọ́ ẹsẹ̀ títí di ọjọ́ kejì, torí tí wọ́n bá fi ìkánjú fà á já, èyí tó kù nínú ara á sọ ibẹ̀ di egbò, ẹsẹ̀ á wú, á kẹ̀. Kòkòrò yẹn sì lè gùn tó mítà kan. Ẹ̀ẹ̀rùn ló máa ń yọ, ìgbà tó yẹ kéèyàn wà lóko kó máa kọ ebè. Ọdún tó mú Màmá lẹ́sẹ̀ méjèèjì, èlùbọ́ rírà la fi ro ọkà jẹ, àwa tá a máa ń gbé èlùbọ́ wá tà fún ará Ògbómọ̀ṣọ́.

Ọjọ́ tẹ́ ẹ kọ́kọ́ dé, ọ̀kadà lẹ gùn, eruku ti bo gbogbo ìró yín. Ẹ kúnlẹ̀ kí Baálẹ̀, ẹ ní kí wọ́n bá yín bu omi wá lódò, ẹ rọ ọ́ sínú ìgò funfun, ẹ wá gbé e sókè sí oòrùn. Gbogbo wa la yọjú wò ó, àgbà àti ọmọdé, a rí àwọn nǹkan kéékèèké kan tó ń fò lọ fò bọ̀ nínú ẹ̀. Ẹ ní inú ikùn àwọn nǹkan wọ̀nyẹn lọmọ sọ̀bìà ń gbé, pé béèyàn bá gbé e mu lónìí, ó di bí ọdún kan kó tó yọ lẹ́sẹ̀ onítọ̀hún. Ẹ wá fi rọ́bà so aṣọ yẹn mọ́ ẹnu àmù, ẹ da omi lé e, ẹ bu èyí tó sẹ́ sínú ìgò mìíì, ẹ tún gbé e sóòrùn. Kò sí nǹkan kan tó ń fò mọ́.

Àwọn bàbá wa ò gbà lójú ẹsẹ̀ o. Wọ́n ní sọ̀bìà ò wá látinú omi, wọ́n ní wọ́n bí i mọ́ oníkálukú ni, pé ó wà nínú ara, ìgbà tó bá wù ú ló ń yọ. Ẹ ò bá wọn jiyàn, ẹ ò pè wọ́n ní púrúǹtù. Ẹ ní ẹ̀yin bàbá, ẹ ṣáà máa bá wa sẹ́ ẹ, ká jọ wo ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀. Ẹ lọ, ẹ padà wá, ẹ tún lọ, ẹ tún padà wá, ẹ̀ ń yẹ aṣọ wò láti ilé dé ilé bóyá ó ti ya, ẹ̀ ń pààrọ̀ èyí tó bá ti ya.

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ bí nǹkan tẹ́ ẹ ní ká ṣe yẹn ṣe tóbi tó. Sọ̀bìà ò ní oògùn. Kò ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, títí dòní olónìí. Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni kéèyàn sẹ́ omi tó fẹ́ mu, kí ẹni tó ń yọ lára ẹ̀ má sì ki ẹsẹ̀ bọ odò. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni mo máa ń rò jù. Ẹsẹ̀ yẹn ń jó, ó ń ta, omi tútù ló máa ń rọ̀ ọ́ lójú, ibẹ̀ gan-an sì ni kòkòrò yẹn fi ẹ̀tàn ẹ̀ sí, torí béèyàn bá ti ki ẹsẹ̀ bọ odò báyìí ló máa tú ọmọ ẹ̀ sínú omi. Màmá mi àgbà jókòó sábẹ́ máńgòrò, ó di eyín, à ń bu omi sí i lẹ́sẹ̀ nínú báfù, a sì ń gbé omi yẹn lọ dà nù sórí ilẹ̀ gbígbẹ, jìnnà réré sódò. Ká ní Màmá lọ sódò lọ́jọ́ yẹn, kò ní pa á lára rárá. Sọ̀bìà tiẹ̀ ti yọ. Torí àwọn ẹlòmíì ló ṣe jókòó, torí ọmọ aládùúgbò, torí Fúlàní darandaran tó ń gba ibẹ̀ kọjá tó sì lè mu nínú odò yẹn. Ta ló fẹ́ wá dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ torí sọ̀bìà tí kò yọ? Mo mọ̀ pé ẹranko ń tọ́jú ọmọ ẹ̀, mo ti rí adìyẹ tó ń bá àṣá jà. Ṣùgbọ́n kéèyàn fara da ìrora torí àlejò tí kò tíì dé, lórí ọ̀rọ̀ ẹnu obìnrin kan tí wọn ò mọ̀ rí tó gun ọ̀kadà wá, kí wọ́n sì máa sẹ́ omi fún odindi ọdún kan láì tíì rí èrè ẹ̀, ọmọ èèyàn nìkan ni mo tíì rí tó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo wá wádìí ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, mo rí i pé kì í ṣe abà wa nìkan. Ìgbà tí wọ́n wá inú Nàìjíríà kiri ní nǹkan bí ọdún 1988, àwọn tí sọ̀bìà mú lé ní 650,000. Àwọn tíṣà Yunifásítì Ìbàdàn ti ń bá ará Ìdèré ní Ìbàràpá jà á láyé ọdún 1980 sí 1989 yẹn, tó fi mọ́ ọ̀rọ̀ aṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ omi. Jimmy Carter tó ti fìgbà kan ṣe ààrẹ Amẹ́ríkà gbé e karí láti 1986, Ọ̀gágun Yakubu Gowon tiwa náà dara pọ̀ mọ́ ọn ní 1999, ó ń ti abúlé kan bọ́ sí òmíì, ó ń bẹ gọ́mìnà, ó ń bẹ káńsù, kí wọ́n gbẹ́ kànga fáwọn èèyàn. Oṣù kọkànlá ọdún 2008 lẹni ìkẹyìn ní sọ̀bìà ní Nàìjíríà, WHO, àjọ ìlera àgbáyé, sì fọwọ́ sí i ní 2013 pé ó ti kúrò lọ́dọ̀ wa. Ní gbogbo àgbáyé, nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta àbọ̀ ló ń mú lọ́dọọdún ní 1986, ní ọdún 2024 kò pé ogún èèyàn. Bàbá Carter ní òun fẹ́ kí sọ̀bìà ìkẹyìn kú ṣáájú òun, ó kù díẹ̀ kó bọ́ sí i fún un, ẹni ọgọ́rùn-ún ọdún ni wọ́n nígbà tí wọ́n kú ní December 2024. Orúkọ wọn wà nínú ìwé, ó sì tọ́ sí wọn. Tiyín ni mi ò rí.

Ẹ sì rántí Olóde, èyí táwọn ìyá wa ò jẹ́ pè lórúkọ. Ṣọ̀pọ̀nná pa tó 300 mílíọ̀nù èèyàn láàárín 1900 sígbà tí wọ́n fi lé e lọ. Ẹ gbọ́ ìtàn tó máa ń ṣe mí ní kàyéfì. Ọkùnrin kan wà tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ Áfíríkà lọ sí Boston, Onesimus ni wọ́n sọ ọ́. Òun ló sọ fún ọ̀gá ẹ̀ pé nílé àwọn, wọ́n máa ń gbẹ́ ara ẹni tára ẹ̀ le, wọ́n á fi díẹ̀ lára omi egbò ṣọ̀pọ̀nná sí i, onítọ̀hún ò sì ní ní in mọ́. Nígbà tí ṣọ̀pọ̀nná jà ní Boston lọ́dún 1721, ọgbọ́n yẹn ni wọ́n lò, ọ̀pọ̀ èèyàn yè. Ẹrú ló fi ìmọ̀ ilé ẹ̀ gba ẹ̀mí àwọn tó sọ ọ́ dẹrú là, Màmá! Mi ò mọ ohun tí ǹ bá ṣe ká ní èmi ni.

Lẹ́yìn náà ni Jenner, dókítà ará Gẹ̀ẹ́sì, wá ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára ṣọ̀pọ̀nná tiẹ̀ ní 1796. Nígbà tó di 1966, lápá Ògòjà ní Nàìjíríà níbí, abẹ́rẹ́ ò tó lọ́wọ́ dókítà ará Amẹ́ríkà kan, William Foege, àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ni wọ́n bá ní káwọn wá ẹni tó ní in kàn, káwọn gún gbogbo ẹni tó yí i ká lábẹ́rẹ́, kí àìsàn má ríbi gbà. Ó ṣiṣẹ́, ọgbọ́n yẹn sì wà lára ohun tí wọ́n fi lé Olóde kúrò láyé. Rọ́ṣíà ń fúnni lábẹ́rẹ́, Amẹ́ríkà ń kó owó àti èèyàn sílẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé àwọn méjèèjì kọjú bọ́ǹbù síra wọn. Ẹni ìkẹyìn tó kó o láàárín ìlú ni Ali Maow Maalin, kúùkù ọsibítù kan ní Sòmálíà, ní 1977. Ó ti sá fún abẹ́rẹ́ tẹ́lẹ̀ torí ẹ̀rù ń bà á. Ó yè é, ìgbà tó yá ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé, ó ń sọ ìtàn ara ẹ̀ fáwọn òbí kí wọ́n lè gbà kí wọ́n fún ọmọ wọn lóògùn rọpárọsẹ̀, ẹnu iṣẹ́ yẹn ló wà títí tó fi kú ní 2013. Ọjọ́ kẹjọ oṣù karùn-ún ọdún 1980 ni wọ́n kéde pé ṣọ̀pọ̀nná ò sí láyé mọ́.

Àwọn èèyàn máa ń mẹ́nu ba òṣùpá tí wọ́n tẹ̀ ní 1969, kọ̀ǹpútà, afárá ńláńlá. Gbogbo ẹ̀ ló tóbi, mi ò bù ú kù. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní kí n mú ohun tó dáa jù lára èèyàn wá, àwọn obìnrin tó ń gbé kúlà oògùn rọpárọsẹ̀ kiri ni mo máa mú wá. Wọ́n pa nínú wọn ní Kánò lọ́dún 2013. Àwọn tó kù tún gbé kúlà, wọ́n tún jáde. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, wọ́n kéde pé rọpárọsẹ̀ àdáyébá ti kúrò ní Áfíríkà.

Mi ò sọ pé èèyàn ò burú o. Àwọn ajínigbé wà lójú ọ̀nà wa yìí, a mọ ogun, a mọ olè tó wọ àgbádá. Ohun tí mò ń sọ fáwọn ọmọ yẹn ni pé ìwà burúkú máa ń pariwo, ẹ̀yin sì gun ọ̀kadà wọlé, ẹ pààrọ̀ aṣọ ẹnu àmù, ẹ jáde, kò sẹ́ni tó gbé e sí rédíò.

Màmá mi àgbà ti lọ sílé. Ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n fi rìn lọ sóko títí tí wọ́n fi dàgbà. Bòhóò ti wà ní abà wa báyìí, àwọn ọmọ ibẹ̀ ò sẹ́ omi mọ́. Màmá, mo fẹ́ mọ orúkọ yín. Mo fẹ́ mọ ilé yín, mo fẹ́ mọ ẹni tó kọ́ yín níṣẹ́ yẹn, bóyá wọ́n tiẹ̀ sanwó epo ọ̀kadà fún yín, àti abà mélòó lẹ tún ń lọ lẹ́yìn tiwa. Bí ẹ bá ka èyí fúnra yín, tàbí tí ọmọ yín tàbí ọmọ ọmọ yín bá kà á tó sì mọ̀ pé ìyá òun ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé sí mi. Ìbàdàn lẹ wà o, Ọ̀yọ́ lẹ wà o, ibi yòówù kó jẹ́, màá wá kí yín, màá sì gbé èlùbọ́ dání.

Èmi ni,
ọmọ ọmọ ìyá tẹ́ ẹ bá lábẹ́ máńgòrò.
Ògbómọ̀ṣọ́.