Ahọ́n Mi àti Fèrè Tí O Fi Sílẹ̀

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kan tí mo ti ń gbèrò láti kọ̀wé sí ọ. Àlàáfíà ni a wà, mo sì ti yege nínú ìdánwò mi. Ọ̀rọ̀ tí kò jẹ́ kí n gbádùn ni ti bass clarinet rẹ, fèrè clarinet ńlá tí ohùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀, nítorí èmi ni wọ́n gbé e lé lọ́wọ́ lẹ́yìn tí o lọ.

Mo ti rò pé ẹni tó mọ clarinet kékeré fọn ti mọ ti ńlá náà. Irọ́ ni. Bí mo bá fi ahọ́n lu ríìdì, ìyẹn pẹlẹbẹ tín-ín-rín tó ń gbọ̀n lẹ́nu fèrè, bí mo ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, yóò kọ́kọ́ dún “pà” bí ìgbà tí ènìyàn ju bàtà lu ilẹ̀kùn, ohùn gan-an yóò wá máa wọ́ bọ̀ lẹ́yìn, pàápàá ní ìsàlẹ̀ fèrè. Ọ̀gá wa ṣàlàyé pé ríìdì yìí tóbi, kì í tètè jí, nítorí náà èémí gbọ́dọ̀ ti dúró dè é kí ahọ́n tó kúrò, nítorí pé èémí ló ń mú ohùn jáde, ilẹ̀kùn lásán ni ahọ́n. Ó ní kí n fi ahọ́n kan etí ríìdì fẹ́rẹ́, bí ẹni fẹ́ sọ “dù”, kì í ṣe “tù”, kí àgbọ̀n mi má sì mì. Àgbọ̀n mi ń mì bíi ti ewúrẹ́ tó ń jẹ àpọ̀jẹ.

Láràárọ̀ ni mo ń fọn ohùn kan gbọọrọ, tí mo sì ń fi ahọ́n gé e sí mẹ́rin-mẹ́rin lórí metronome, ẹ̀rọ tó ń ka ìlù, ní ìlù 60 ní ìṣẹ́jú kan, láìjẹ́ kí èémí já. Bí ó bá ti di 80, ahọ́n mi a di akólòlò.

Ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi wá ní ìwọ kì í lo ṣóńṣó ahọ́n rárá, pé eyín ìsàlẹ̀ ni o máa ń fi í tì, tí àárín ahọ́n rẹ ń ṣiṣẹ́. Ọ̀gá kò fẹ́ gbọ́ irú rẹ̀ sétí. Ṣé òótọ́ ni, àbí ó fẹ́ fi mí ṣẹ̀sín?

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, èmi nìkan ni yóò bẹ̀rẹ̀ orin kan, lórí ohùn E ìsàlẹ̀, jẹ́jẹ́, nígbà tí gbogbo ènìyàn bá dákẹ́. Mo gba ohùn ara mi sílẹ̀, mo sì ń fi í ránṣẹ́. Jọ̀wọ́, gbọ́ ọ, kí o sọ ibi tí ahọ́n ti ṣáájú èémí fún mi, má sì pọ́n mi.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ, lórí àga rẹ tó ṣì ń han.